Ìpolówó abẹ ni mo wò, kí ló dé tí inú fi bí mi bí ẹni tí wọ́n bú?

Ọlọ́kọ̀_Pẹ́kàmù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kò dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rí. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kẹrìndínlógún rèé. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀. Ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á, torí tí mo bá gé e kúrú, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà lásán ni.

Ẹ ó rántí ìpolówó tí Gillette, iléeṣẹ́ tó ń ta abẹ ìfárùngbọ̀n, gbé jáde ní àárín oṣù Kìíní ọdún 2019. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Àwọn ọkùnrin dúró níwájú dígí, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ohùn oníròyìn ń lọ lábẹ́lẹ̀ nípa #MeToo, igbe àwọn tí wọ́n fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ tí wọ́n wá sọ ọ́ síta, àti nípa àwọn ọmọ tó ń fìyà jẹ ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Agbo ọmọkùnrin ń lé ọmọ kan tó ń sá. Níbi ìpàdé iṣẹ́, ọkùnrin kan gbé ọwọ́ lé èjìká obìnrin kan, ó ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ. Àwọn bàbá tò sẹ́yìn ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹran, wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, gbólóhùn kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: ọmọkùnrin ni wọ́n, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ló yí padà. Ọkùnrin kan dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lójú títì kó má tẹ̀ lé obìnrin tó ń kọjá lọ. Bàbá kan sáré lọ la ìjà àwọn ọmọ. Wọ́n fi Terry Crews hàn, òṣèré tó lọ jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní 2018 nípa ohun tí ọkùnrin kan ṣe sí i, ó ń sọ pé ọkùnrin ló yẹ kó máa bi ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Wọ́n wá parí rẹ̀ pé àwọn ọmọkùnrin tó ń wò wá lónìí ni ọkùnrin ọ̀la.

Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. N kò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ mi.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí mo ti ń gẹrun ní Rye Lane ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ọjọ́ Sátidé, òtútù mú gan-an. Àwa bíi méje la wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé fóònù rẹ̀ ti dígí, ó ní ká wá wo ohun tí Òyìnbó tún gbé dé. A ò tíì wò ó dé ìdajì tí ariwo fi sọ. "Àwa ni wọ́n ń bá wí!" "Wọ́n fẹ́ sọ ọkùnrin di obìnrin!" "Ṣé gbogbo ọkùnrin ló ń fipá bá obìnrin lò ni?" Èmi tí mo jókòó sórí àga, tí wọ́n ti gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí mi tán tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì kún, ohùn tèmi ló lọ sókè jù. Mo ní ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi abẹ wọn fá irùngbọ̀n, pé kò ní kan ojú mi mọ́ títí láé.

Nígbà tí mo délé, mo mú páálí abẹ Mach3 ti Gillette tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, abẹ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, méjì péré ni mo tíì lò, mo jù ú sínú bíìnì ilé ìdáná. Mo jù ú tagbáratagbára, ìdérí bíìnì náà lu ògiri. Fẹ́mi, ọmọ mi, ọmọ ọdún méjìlá nígbà yẹn, dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti abọ́ kọnfíléèkì lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, kí ni wọ́n ṣe fún yín?" Mo ní kó lọ jókòó jẹun.

Kì í ṣe èmi nìkan. Lórí YouTube, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pé àwọn ò fẹ́ràn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Piers Morgan, tó máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n ní àràárọ̀ nígbà náà, kọ ọ́ síta pé láti ìgbà tóun ti dàgbà lòun ti ń lo Gillette, pé ìpolówó yìí lè lé òun kúrò níbẹ̀. Mo kà á, ọkàn mi balẹ̀. Mo ní tí a bá pọ̀ tó báyìí tí inú ń bí, a jẹ́ pé ìbínú wa tọ́ nìyẹn.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ sọ báyìí, nítorí pé ẹ ò mọ ojú mi.

Oṣù Kọkànlá ọdún 2018, oṣù méjì kí ìpolówó yẹn tó jáde, alẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti Lọ́ńdọ̀nù á mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan wà níwájú awakọ̀ tó ń fi ohun tó ń lọ lókè hàn án. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Ọmọbìnrin kan jókòó nítòsí iwájú lókè, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Ọmọkùnrin mẹ́rin wọlé ní New Cross, wọ́n gòkè, wọ́n lọ yí i ká. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àwòrán nìkan ni mò ń rí. Mo rí i tí ọ̀kan ń fa fìlà ara kóòtù rẹ̀. Mo rí i tí ọ̀kan fi ẹsẹ̀ dí i lọ́nà nígbà tó fẹ́ dìde. Ẹ̀rọ tí mo lè fi bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Mo lè dá ọkọ̀ dúró. Mo lè pe ọ́fíìsì. Wọ́n ti kọ́ wa ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìṣẹ́jú mẹ́fà pẹ́, mo sì sọ fún ara mi ní èdè abínibí wa pé: ọmọkùnrin ni wọ́n, eré ni wọ́n ń ṣe.

Gbólóhùn yẹn gan-an ni. Èyí tó wà lẹ́nu àwọn bàbá tó ń yan ẹran.

Ọmọ náà rí ọ̀nà já sọ̀kalẹ̀. Ó wá dúró ti ilẹ̀kùn mi, ó fẹ̀yìn ti gíláàsì tó wà láàárín àwa méjèèjì, títí a fi dé ibùdókọ̀ kẹta. Kó tó bọ́lẹ̀, ó wo tẹlifíṣọ̀n kékeré yẹn, ó wá wo ojú mi. Kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí à ń pariwo ní Rye Lane pé wọ́n ń bú wa, mo mọ ohun tó ń dùn mí. Àwọn wọ̀nyẹn sọ̀kò sọ́jà, wọn ò mọ ẹni tí yóò bá. Èmi ló bà. Mo wá ń pariwo kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú ọgbẹ́.

Ní báyìí, Fẹ́mi ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, gbogbo Ìlú Ọba ń sọ̀rọ̀ nípa eré orí Netflix kan tó dá lórí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá tí wọ́n mú nítorí ikú ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà nílé ìwé. Kódà olórí ìjọba, Keir Starmer, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi han àwọn ọmọ ilé ìwé girama lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó wò ó. Mo ní kí Fẹ́mi wá bá wa wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibi tó dúró sí lọ́jọ́ bíìnì yẹn, ó ní, "Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin ló máa ń jẹ̀bi ṣáá." Ó pa ilẹ̀kùn dé. Láti ìgbà náà, mo ti ń fetí sí ohun tó ń gbọ́ lórí fóònù: àwọn ọkùnrin tó ń sọ pé ayé kórìíra ọkùnrin, pé ẹni tó bá bá ọ wí, ọ̀tá ẹ ni.

Ohùn tèmi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti kọ́ ọ.

Ìbéèrè mi rèé. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí lórí ohun tí mo fi hàn án? Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níbí, ẹ dákun, ẹ sọ òótọ́ fún mi: kí ló ń bí wa nínú gan-an?

Akọ́dá_Manchester

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ inú bọ́ọ̀sì yín, ẹ̀yin àti Ẹlẹ́dàá yín ló wà láàárín yín. Kí ló kan iléeṣẹ́ tó ń ta abẹ? Láti 1901 ni wọ́n ti wà. Láti 1989 ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé àwọn ló ní ohun tó dára jù tí ọkùnrin lè rí gbà. Ọkùnrin aláyà gbọ̀ngbọ̀n, tí obìnrin ń fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irú ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún tà fún wa. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ká lọ tún ìwà ṣe. Abẹ aláwọ̀ òdòdó tí wọ́n ń tà fún obìnrin, tó sábà máa ń wọ́n ju tọkùnrin lọ, ṣé wọ́n tún ìyẹn náà ṣe? Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, P&G tó ni wọ́n kéde pé Gillette ti já wálẹ̀ ní bílíọ̀nù 8 dọ́là. Àwọn ọkùnrin ti fi owó wọn fèsì.

Ẹ bi wá pé kí ló ń bí wa nínú. Màá sọ tèmi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe lálẹ́. Ní England àti Wales, nínú ẹni mẹ́rin tó bá gba ẹ̀mí ara rẹ̀, bíi mẹ́ta ló máa ń jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ háyà ilé. Ó máa ń se ẹ̀bà fún mi tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀. N kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Kò sí ẹni tó ṣe ìpolówó láti bi í pé ṣé ara ẹ le. Ìgbà tí wọ́n bá máa rántí ọkùnrin, ìbáwí ni wọ́n á mú wá. Mo wo ìpolówó yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ń wá ibi tí ẹnì kan ti jókòó ti ọkùnrin tó rẹ̀. N kò rí i. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, kì í ṣe pé mo fi nǹkan pamọ́.

Ọmọ_Kòso (Tampa)

Ẹ̀gbọ́n Akọ́dá, ẹ kú àjálù ọ̀rẹ́ yín. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù 8 yẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri kọ́ ló rí. Ní 2005, P&G ra Gillette ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 57 dọ́là, iye yẹn ni wọ́n sì ń gbé sínú ìwé ìṣirò wọn. Ní 2019 wọ́n dín in kù nínú ìwé. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé dọ́là ti le ju owó àwọn ìlú mìíràn lọ, àti pé àwọn ọkùnrin ò fá irùngbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ta abẹ olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ti ń gba oníbàárà wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Dollar Shave Club, iléeṣẹ́ Unilever rà á ní 2016. Kódà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìpolówó náà, P&G ní ọjà àwọn kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ní àwọn ti ju abẹ nù, ṣùgbọ́n ọjà ò mì. Àbí Bàbá Fẹ́mi, abẹ wo lẹ wá ń lò báyìí? Gillette tún ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran ọkùnrin lọ́wọ́. Boys & Girls Clubs of America ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Fẹ́mi, ìbéèrè yín ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá ni mò ń kọ́ níbí. Nílé ẹ̀kọ́ gíga University of South Florida ní Tampa yìí, Joseph Vandello àti Jennifer Bosson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí láti 2008. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn èèyàn ka jíjẹ́ ọkùnrin sí ohun tí èèyàn ń fi iṣẹ́ gbà, tó sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọn kì í sábà rò bẹ́ẹ̀ nípa jíjẹ́ obìnrin. Wọ́n dán an wò báyìí: wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin kan di irun ère orí obìnrin, kí àwọn mìíràn di okùn lásán. Ìka ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí kálukú yàn: ṣé ẹ fẹ́ to àwòrán tàbí ẹ fẹ́ gbá àpò ẹ̀ṣẹ́? Àwọn tó dirun ló yan ẹ̀ṣẹ́ jù. Irun ni wọ́n dì, kò sí ẹni tó bú wọn, síbẹ̀ ara wọn ń wá ohun tí wọn yóò fi hàn pé ọkùnrin làwọn ṣì jẹ́. Nígbà tí mo kà á, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ irú èyí tí ẹ sọ ló wá sí mi lọ́kàn.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, bàbá bàbá mi jẹ́ ẹlẹ́gùn Ṣàngó. Ó máa ń dirun. Wọ́n á dì í fún un fínnífínní bíi ti ìyàwó, nítorí ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é. Tí Ṣàngó bá gùn ún tán, agboolé á dà sílẹ̀, àwọn ọkùnrin tó gbóyà jù níbẹ̀ á dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé irun dídì ti mú ọkùnrin kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọkùnrin nìyẹn, pé ẹ̀rù gbọ́dọ̀ máa bà á kí wọ́n má fi í wé obìnrin, mo máa ń rántí irun bàbá bàbá mi.

Àṣàkẹ́_Ìkẹjà

Ọdún 1994, mólúè tó ń ti Òṣòdì lọ sí CMS. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ mọ bí mólúè ṣe máa ń kún nígbà yẹn. Ọkùnrin kan tó ti dàgbà dáadáa dúró sẹ́yìn mi. Ohun tó ń ṣe, mi ò ní kọ ọ́ síbí, àwọn obìnrin tó ń kà á mọ̀ ọ́n. Mo sún, ó sún. Àwọn èèyàn rí i, mo mọ̀ pé wọ́n rí i, torí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé ojú kúrò.

Kọ̀ńdọ́ ló sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Kò pariwo, kò bá a jà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kúrò lẹ́yìn ọmọ yẹn. Ẹ bọ́ síwájú." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ọkọ̀ dákẹ́. Ni ọkùnrin méjì mìíràn bá la ẹnu, àwọn náà ní kó bọ́ síwájú. Ó bọ́ síwájú. Ó ń kùn pé wọ́n tàbùkù òun, pé kí làwọn ń fòun pè, pé òun ní ọmọbìnrin nílé.

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mi ò gbàgbé eyín kọ̀ńdọ́ yẹn. Mi ò sì gbàgbé ẹni tó gbé ojú kúrò. Bàbá Fẹ́mi, ẹ má bínú sí mi: ọmọ tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé yẹn mọ bí ojú yín ṣe rí títí dòní. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin náà ò gbàgbé.

Àbúrò mi Akọ́dá, mo bá ọ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ló kọ́ ọ̀rẹ́ rẹ pé kó se ẹ̀bà, kó rẹ́rìn-ín, kó má sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé? Ṣé kì í ṣe "ọkùnrin kì í sunkún" náà ni? Ohun tó jẹ́ kó fi ìrora rẹ̀ pamọ́ fún ọ ni wọ́n ń bá wí o, wọn ò bá ọ̀rẹ́ rẹ wí.

Ẹ má fi ìpolówó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọmọ yín, ẹ má fi eré orí Netflix bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ti ọmọbìnrin yẹn fún un. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Onígbàjámọ̀_Mọ́kọ́lá

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti fi ń fárí ní Ìbàdàn. Ọkùnrin á jókòó sórí àga mi, á gbé àgbọ̀n sókè, màá fi abẹ sí i lọ́fun, kò ní mira. Ó fọkàn tán mi. Ọkùnrin kan náà, tí mo bá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ohun tó ṣe fún ìyàwó rẹ̀ lánàá kò dáa, á fò dìde tòun taṣọ lọ́rùn. Abẹ ò bà á lẹ́rù tó ọ̀rọ̀. Mo ti rí i tó ìgbà tí mi ò lè kà.

Bàbá Fẹ́mi, ẹ má pe ọmọ yẹn jókòó. Ọmọkùnrin tí bàbá rẹ̀ bá pè pé "wá jókòó" ti mọ̀ pé ẹjọ́ ni, á ti di àmùrè kó tó débẹ̀. Ẹ wá ibi tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa wo iwájú, tí kò ní sí pé ẹ̀ ń wo ara yín lójú. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti máa ń jáde nínú ọkùnrin. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, dígí là ń wò.

Akọ́dá_Manchester

Ti bílíọ̀nù 8, mo gbà á padà, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti iléeṣẹ́ tó ń fi ìwà rere ta ọjà, mi ò tíì gbà.

Àǹtí Àṣàkẹ́, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin láti àná. Mi ò ní èsì. Ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ ọ́ lóòótọ́, "ọkùnrin ni wá jàre." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, èmi náà á ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọlọ́kọ̀_Pẹ́kàmù

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ó tó ọjọ́ mọ́kànlá tí mo kọ̀wé sẹ́yìn, mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ.

Ọmọ Kòso, Gillette náà ni mò ń lò. Kò tó oṣù méjì tí mo padà síbẹ̀, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Fẹ́mi rí i nínú ilé ìwẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìyẹn náà wà lára ohun tó kọ́: pé à ń pariwo níta, a ò sì ní láti ṣàlàyé nǹkan kan nílé.

Akọ́dá, àbúrò mi, mo gbọ́ tìrẹ. Ọgbẹ́ tìẹ yàtọ̀ sí tèmi, mo kàn rí i pé igbe kan náà la ké. Lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, bóyá ẹnì kan wà nínú àwọn méje yẹn tó jẹ́ pé tìẹ ló ń ṣe é. N kò bi ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń pariwo jù.

Ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo tẹ̀ lé. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, tí n kò sí lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kí Fẹ́mi sìn mí lọ ra bàtà. Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu, torí n kì í wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìsinmi mi. Mo ní ká gòkè. A jókòó síwájú pátápátá, níbi gíláàsì ńlá yẹn, a jọ ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí a kọjá New Cross, mo sọ ọ́. Mo sọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi pẹ́. Mo sọ àwọ̀ kóòtù ọmọ náà. Mo sọ gbólóhùn tí mo sọ fún ara mi. Mo ní lọ́jọ́ tí mo ju abẹ sínú bíìnì, tó bi mí pé kí ni wọ́n ṣe fún mi, wọn ò ṣe nǹkan kan fún mi. Ohun tí èmi ṣe ni wọ́n rán mi létí.

Ohùn mi gbọ̀n. N kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, "Ṣé ẹ tún rí i lẹ́yìn ìgbà yẹn?" Mo ní rárá, mo ṣì máa ń wojú àwọn tó bá wọ kóòtù aláwọ̀ ewé. Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì àwọn nígbà tí wọ́n wà ní ọdún kẹwàá, pé wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ kan, pé wọ́n fi ń ránṣẹ́ láàárín ara wọn. Òun kọ́ ló yà á. Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ó ní òun ò mọ ibi tí ọmọ náà wà mọ́.

Mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí dé, ó sì kọjá, kò sí ẹni tó tẹ agogo nínú àwa méjèèjì.